Tí Olùjẹ́jọ́ Bá Gun Àpótí Ẹlẹ́rìí Nínú Ẹjọ́ Ìpànìyàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìbéèrè Yẹ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Wò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń bi mí ṣáá, pàápàá àwọn tó ń ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́: "Olùjẹ́jọ́ ti gun àpótí ẹlẹ́rìí, ó ti sọ ìtàn rẹ̀, ìtàn náà sì dùn létí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi han kóòtù pé kò ṣeé gbà gbọ́?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ má wá bí ẹ ó ṣe pè é ní òpùrọ́. Ẹ wá ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ, tí kò lè bá nǹkan mìíràn tó ti sọ gbé inú ilé kan náà. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ wá èyí tí kò lè bá ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn gbé pọ̀. Ẹ gbé méjèèjì síwájú kóòtù, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi to ìgbésẹ̀ rẹ̀ síbí. Àwọn tó ń ṣojú olùpẹ̀jọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbèjà olùjẹ́jọ́ náà lè kà á kó lè mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá oníbàárà rẹ̀. Ibi tí mo bá ti sọ pé "ìbéèrè àtakò", ohun tí mo ní lọ́kàn ni ìbéèrè tí lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì ń bi ẹlẹ́rìí lẹ́yìn tí lọ́yà tó pè é wá bá ti parí tirẹ̀.

## Kí ẹ tó lanu: àwọn ibi tí òfin ti gbẹ́ kòtò sí

Ẹjọ́ ìpànìyàn kì í ṣe ẹjọ́ gbèsè. Ẹ̀mí kan ti lọ, ẹni tó dúró níwájú yín sì lè pàdánù tirẹ̀ tàbí kó lo ìyókù ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí òfin kò gbà lè mú kí kóòtù tó ga jù fagi lé ìdájọ́, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹbí olóògbé sì tún wá jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe pa ènìyàn wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fara balẹ̀ ka àwọn wọ̀nyí.

Ẹrù ẹ̀rí kò kúrò lórí olùpẹ̀jọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Woolmington ní 1935 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba ti là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ olùjẹ́jọ́ láti fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí ìbéèrè bíi "Kí ló dé tí ẹ kò mú ẹ̀rí wá?" fi léwu. Ẹrù tiyín lẹ ń gbé lé e lórí yẹn.

Ìdákẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni òfin ti yàtọ̀ jù láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ Doyle v. Ohio ti 1976 kò gbà kí lọ́yà ìjọba fi ìdákẹ́ olùjẹ́jọ́ bá a jà, tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Ní England, abala 34 òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 1994 gbà kí kóòtù ro ohun tó bá tọ́ sí i, tí olùjẹ́jọ́ bá wá gbára lé ọ̀rọ̀ pàtàkì kan tí kò mẹ́nu bà nígbà tí ọlọ́pàá ń bi í léèrè. Ìbéèrè kan náà, májèlé níbì kan, oúnjẹ níbòmíràn. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ ti ń ṣẹjọ́, ẹ má fi ti ibòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìwà rẹ̀ àtijọ́. Pé ó ti jalè rí kò túmọ̀ sí pé ó pààyàn. Ọ̀pọ̀ òfin ló ti ìlẹ̀kùn yìí, tí wọ́n sì ka àwọn àyè tó lè ṣí i. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Òfin Ẹ̀rí 609 sábà máa ń ní kí adájọ́ kọ́kọ́ wọ̀n án bóyá ìwúlò ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ náà ju ìpalára tó máa ṣe fún olùjẹ́jọ́ lọ. Ní England, òfin ọdún 2003 ló to àwọn àyè náà. Tí olùjẹ́jọ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "èmi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí láyé mi", ìlẹ̀kùn lè ṣí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí ẹ tó wọlé. Níbi tí júrì bá wà, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ẹ gba àyè náà nígbà tí wọn kò sí níjòókòó.

Òkò inú òkùnkùn. Ẹ má bèèrè ohun tí ẹ kò ní ìpìlẹ̀ fún. Tí ẹ bá ní "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti lérí tẹ́lẹ̀ pé ẹ ó pa á?", ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó gbọ́ ọ tàbí ìwé tó sọ ọ́. Tí kò bá sí, irọ́ lẹ gbìn sétí kóòtù, ìyẹn sì burú ju irọ́ olùjẹ́jọ́ lọ.

Ohun tí ẹ máa sọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹjọ́ Browne v Dunn ti 1893 ló fìdí èyí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jogún òfin Ìlú Ọba ló sì ń tẹ̀ lé e ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ sọ nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín pé irọ́ ló pa nípa ọ̀bẹ, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà kò ó lójú kó lè fèsì.

## Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ yìí ló ń parí kí ẹ tó dìde dúró. Ẹni tí kò bá ṣe é tẹ́lẹ̀, ohùn rírara ló máa kù fún un.

1. Ẹ kó gbogbo ẹnu rẹ̀ jọ. Ohun tó sọ fún aládùúgbò tó kọ́kọ́ débẹ̀, fún ẹni tó gbé ìpè pàjáwìrì, fún dókítà tó wo ọwọ́ rẹ̀, fún ọlọ́pàá nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì, nínú ìwé ìbúra tó fi bèèrè béèlì, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í wò kọjá àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kó tó ráyè ronú, ló sábà máa ń wúlò jù.

2. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé kí ó di ojú ọ̀nà mẹ́rin. Kókó ọ̀rọ̀, ohun tó sọ tẹ́lẹ̀, ohun tó sọ ní kóòtù, ẹ̀rí mìíràn tó kan kókó náà. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé àti ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ojú ọ̀nà kẹta sílẹ̀ lófìfo títí yóò fi sọ̀rọ̀ lójú yín.

3. Ẹ ya ńlá kúrò lára kékeré. Ẹ bi ara yín pé: "Tí èyí bá jẹ́ irọ́, ṣé ó kan bóyá òun ló pa á, tàbí bóyá ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti pa á?" Tí kò bá kan ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀. Pé ó ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ló wọ̀, tó wá di aláwọ̀ búlúù, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára ọ̀kan nínú wọn. Lórí ohun tí kò kan ìdí ẹjọ́, òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní kí ẹ gba èsì tó bá fún yín. Ẹ ò lè pe ẹlẹ́rìí mìíràn torí rẹ̀.

4. Ẹ wá àlàyé tó mọ́ fún ìkọ̀ọ̀kan kí òun tó wá a. Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn? Ṣé wọ́n bi í dáadáa? Ṣé èdè tó fi sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nínú èdè Yorùbá, "ó" kò ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin. Ẹni tó bá sọ pé "ó gbá mi létí" lè rí i nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì pé ọkùnrin ló gbá a létí, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ló ń sọ. "Mo pa á lára" àti "mo pa á" kò jìnnà síra lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ọgbẹ́, èkejì sì jẹ́ ikú. Tí olùjẹ́jọ́ bá fi èdè kan sọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá sì fi òmíràn kọ ọ́, ẹ bèèrè fún àkọsílẹ̀ ti èdè tó fi sọ ọ́, ẹ sì bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbára lé e. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò sí ohun tó burú ju kí ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí àṣìtumọ̀.

5. Ẹ yan mẹ́ta, ó pọ̀ jù mẹ́rin. Èyí tó lágbára jù ṣe ìkẹyìn, èyí tó tẹ̀ lé e ṣe àkọ́kọ́, kí ìyókù wà láàrin.

6. Ẹ kọ orísun sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tó bá ní "rárá", kí ni ẹ máa fi hàn án? Ìbéèrè tí kò bá ní èsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fagi lé e.

Lọ́jọ́ tí lọ́yà rẹ̀ bá ń bi í ní ìbéèrè, ẹ má kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn tó bá kan àwọn kókó yín, kí ẹ sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tiyín pààrọ̀ tirẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé "n kò sọ bẹ́ẹ̀", òun ló sì máa jàre.

## Bí ìbéèrè yín ṣe gbọ́dọ̀ rí

Nínú ìbéèrè àtakò, òfin gbà yín láàyè láti lo ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn rẹ̀ pọ̀n. Ẹ lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun kan ṣoṣo nínú ìbéèrè kan. Gbólóhùn kúkúrú. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ìwé lè gbọ́. Ẹ sì pè é ní "ẹ", ẹ má tàbùkù rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá bú níwájú kóòtù, àánú rẹ̀ ni yóò ṣe kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí mo rò fúnra mi. Olùjẹ́jọ́ ní òun ti sùn nígbà tí wọ́n pa olóògbé. Tí ẹ bá bi í pé "Kí lẹ ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà?", ẹ ti fún un láyè láti tún ìtàn rẹ̀ sọ, yóò sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé e báyìí:

— Ẹ sọ fún kóòtù pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ sùn.
— Bẹ́ẹ̀ ni.
— Ẹ ò jí títí ilẹ̀ fi mọ́.
— Bẹ́ẹ̀ ni.
— Fóònù yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín.
— Ó wà níbẹ̀.
— Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.
— Kò sí.
— Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù náà.
— Èmi nìkan ni.

Ẹ wá gbé ìwé ilé iṣẹ́ fóònù jáde, èyí tí kóòtù ti gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n fi fóònù náà pe ẹnìkan, ìpè náà sì gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. "Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó tán. Ẹ lọ sí kókó mìíràn. Kò sí ìdí láti bèèrè pé "Ta ló wá pè é nígbà náà?" Kóòtù náà ti bi ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n ti tì kí ìwé náà tó jáde. Ká ní ìwé ló kọ́kọ́ jáde ni, yóò ní ẹnìkan ló yá fóònù òun.

## Nígbà tí ọ̀rọ̀ kóòtù bá tako ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọlọ́pàá

Ibí yìí ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń yí padà. Ibí yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe é bàjẹ́ jù, torí ìkánjú. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, ẹ má fo ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dè é mọ́ ọ̀rọ̀ òní. "Ẹ sọ láàárọ̀ yìí pé ẹ ò dé ilé olóògbé rárá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín sọ ohun tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fìdí ìwé tí ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí múlẹ̀. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀. Pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò tíì pẹ́ nígbà náà. Pé wọ́n kà á fún un. Pé ó fọwọ́ sí i. Pé wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ tún nǹkan ṣe níbẹ̀, tó sì ní rárá. Ìbéèrè kékeré kékeré ni gbogbo rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Tí kò bá sí ẹni tó kà á fún un, ẹ má sọ pé wọ́n kà á.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ibẹ̀ gan-an hàn án, kí ẹ sì kà á. Kì í ṣe gbogbo ìwé. Gbólóhùn kan: "Mo kúrò nílé rẹ̀ ní aago mẹ́wàá." Òfin gan-an ló ní kí ẹ tọ́ka sí ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, abala 232 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà kí ẹ bi ẹlẹ́rìí nípa ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ fi hàn án. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé náà tako ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àkíyèsí rẹ̀ sí apá tí ẹ fẹ́ lò. Ní England, abala 5 òfin ọdún 1865 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ń sọ ohun tó jọ ọ́. Lọ́yà tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lè rí i pé kóòtù kò ka ìtakora náà sí rárá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dákẹ́. Níbi tí adájọ́ bá ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ wo bírò rẹ̀. Títí yóò fi dúró, ẹ má sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ yẹn gùn lójú lọ́yà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Kò nílò kí ẹ tún sọ ọ́ fún un.

### Tó bá ní wọ́n fi ipá mú òun

Ẹ má bá a jà níbẹ̀. Bóyá ó fínnúfíndọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n lù ú, adájọ́ ló ní láti yanjú ẹ̀, nígbà mìíràn nínú ìgbẹ́jọ́ láàrin ìgbẹ́jọ́, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ kékeré lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Tí ẹ bá sì rí àmì pé wọ́n lù ú lóòótọ́, ojúṣe yín ni láti jẹ́ kí kóòtù mọ̀, kódà tí ẹjọ́ yín bá máa fọ́ nítorí rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni kó gbà pé òun fọwọ́ sí ìwé náà ṣùgbọ́n kó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun. Nígbà náà, àwọn ìbéèrè tó wá láti inú ẹjọ́ R v Sykes ti 1913, tí àwọn kóòtù Nàìjíríà ń lò títí di òní, lè tọ́ yín sọ́nà. Ṣé ohun kan wà níta ìwé náà tó fi hàn pé òtítọ́ ni? Ṣé ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn? Ṣé ohun tó ṣeé yẹ̀ wò nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́? Ṣé olùjẹ́jọ́ ní àǹfààní láti ṣe é? Ṣé ohun tó sọ ṣeé ṣe? Ṣé ó bá ẹ̀rí tó kù mu? Tó bá sọ nínú ìwé náà ibi tí ọ̀bẹ wà, tí wọ́n sì lọ bá ọ̀bẹ níbẹ̀, ẹ fi ìyẹn bi í léèrè dípò kí ẹ máa ja ìjà bóyá wọ́n lù ú.

## Nígbà tí ìtàn rẹ̀ bá tako ẹ̀rí tí kò lẹ́nu

Tó bá ní òun gbèjà ara òun ni. Ọgbẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ jù níbí: mélòó ni, níbo ló wà, ṣé iwájú ni tàbí ẹ̀yìn, ṣé olùjẹ́jọ́ náà fara gbọgbẹ́? Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ bí wọ́n ṣe dúró: "Ó ń bọ̀ wá bá yín. Ó dojú kọ yín. Kò yí ẹ̀yìn padà nígbà kankan." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ohun tí dókítà ti jẹ́rìí sí kalẹ̀, pé ọgbẹ́ méjì wà ní ẹ̀yìn. Ẹ má sọ olùjẹ́jọ́ di dókítà o. Ẹ má bi í bóyá ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wá láti iwájú. Kò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀, èsì tó bá sì bọ́ síta lè jẹ́ èyí tí ẹ ò ní lè kó padà. Ẹyin lohùn.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà tún wúlò: ṣé ó pe ìrànlọ́wọ́, ṣé ó fọ aṣọ, ta ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún? Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí kò ṣẹ̀ náà máa ń sá tí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ má fi sísá nìkan kọ́ ilé.

Tó bá ní òun kò sí níbẹ̀. Ẹ bèèrè kúlẹ̀kúlẹ̀ ibi tó ní òun wà, kí ẹ sì bèèrè ìgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, níbi tí òfin bá ti gbà á. Ẹ̀rí òpó fóònù ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ kọjá ibi tó mọ. Àgbègbè tí fóònù wà ló ń fi hàn, kì í ṣe ilé tàbí yàrá. Fóònù ló sì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ènìyàn. Aago inú kámẹ́rà náà lè má bá aago tòótọ́ mu. Ẹ rí i dájú pé ẹni tó yọ fídíò náà ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn kí ẹ tó fi ìṣẹ́jú mú olùjẹ́jọ́.

Tó bá ní àṣìṣe ni, tàbí pé wọ́n mú òun bínú. Àkókò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìgbà wo ni ìbínú bẹ̀rẹ̀, ibo ló gbà kọjá, ibo ló ti mú ohun tó fi ṣe é, ìlẹ̀kùn mélòó ló ṣí? Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- "Kí ló dé?" Ìbéèrè kúkúrú yìí ni olùjẹ́jọ́ ń retí. Àlàyé tí ẹ kò béèrè fún tẹ́lẹ̀ ló máa tú jáde.
- "Ṣé gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí yìí ló ń purọ́ mọ́ yín?" Ọ̀pọ̀ kóòtù ní Amẹ́ríkà kò gbà á. Ní Australia, ẹjọ́ Palmer ti 1998 kò gbà kí wọ́n bi olùjẹ́jọ́ ní ìdí tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án fi máa purọ́ mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí òfin, kò tọ́: olùjẹ́jọ́ kò mọ inú ẹlòmíràn.
- Títún ìtàn rẹ̀ sọ láti orí dé ìdí. Ìgbà kejì tí kóòtù bá gbọ́ ọ, ó ń di òtítọ́ létí wọn.
- Ẹkún rẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì sọ pé ẹkún èké ni. Tó bá ń sunkún, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un lómi.
- Kíka ìwé láìgbé orí sókè. Èsì tí ẹ ò retí ti kọjá kí ẹ tó mọ̀.
- Ìbéèrè kan tó lé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ti ṣe èmi náà. Olùjẹ́jọ́ kan ní òun kò mọ olóògbé rí. Mo ní fọ́tò tí àwọn méjèèjì ti jókòó ti ara wọn. Mo dè é mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo fi fọ́tò hàn án, ó gbà pé òun ni. Ó yẹ kí n jókòó. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, mo ní: "Kí ló dé tí ẹ wá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n?" Ó ní orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, pé ìgbà tí ọlọ́pàá dárúkọ tó wà nínú ìwé ni òun ní òun ò mọ ẹni náà, pé kò sì sí ẹni tó fi àwòrán hàn òun. Adájọ́ mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi tú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ká. Nígbà tí mo ro ó lẹ́yìn náà, mo rí i pé ó lè jẹ́ òótọ́ lọ́kùnrin náà ń sọ, èmi ni n kò wá àlàyé tó mọ́ kí òun tó fún mi.

## Irọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó pààyàn

Àwọn ènìyàn ń purọ́ nítorí ìtìjú, nítorí ìbẹ̀rù, nítorí àlè tí wọn ò fẹ́ kí ìyàwó mọ̀, nítorí àtidáàbò bo ọmọ. Ẹjọ́ R v Lucas ti 1981 ní England to ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé kí irọ́ olùjẹ́jọ́ tó lè ti ẹ̀rí olùpẹ̀jọ́ lẹ́yìn: kó mọ̀ọ́mọ̀ pa á, kó kan ohun pàtàkì nínú ẹjọ́, kó jẹ́ pé mímọ̀ tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi àti ìbẹ̀rù òtítọ́ ló mú un pa á, kí ẹ̀rí tó dá dúró sì fi hàn gbangba pé irọ́ ni. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wọn gbogbo kókó tí ẹ yàn. Èyí tí kò bá dé ibẹ̀ lè dín ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín.

## Nígbà tó yẹ kí ẹ bi í níwọ̀nba

Tí ìtàn rẹ̀ kò bá pa ẹjọ́ yín lára, tàbí tó bá ti tako ara rẹ̀ níwájú lọ́yà tirẹ̀, ẹ má gun igi kọjá ewé. Ọ̀nà mìíràn wà:

- Ẹ fi kókó tí ẹ ò gbà kò ó lójú ní ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítorí Browne v Dunn, kí ẹ sì jókòó.
- Ẹ lò ó láti fìdí ẹ̀rí tiyín múlẹ̀. Tó bá gbà pé òun ló wà nínú fídíò, ẹ̀rí tí ẹ ò ní láti jà fún mọ́ nìyẹn.
- Ẹ fi ìtakora tó ti hàn gbangba sílẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kó má baà ráyè tún un ṣe.
- Ẹ bèèrè àyè láti pe ẹlẹ́rìí ìfèsì, ìyẹn ẹni tó máa wá fèsì sí ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́, tí olùjẹ́jọ́ bá mú ohun tuntun wá tí ẹ kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé olùjẹ́jọ́ jókòó gbọ́ gbogbo ẹlẹ́rìí kó tó wá ran ìtàn tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbà kí lọ́yà ìjọba sọ bẹ́ẹ̀, nínú ẹjọ́ Portuondo v. Agard ti 2000. Èmi kì í lò ó. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì ní ẹ̀rí tó dájú, ẹ ò nílò rẹ̀.

## Ẹ yẹ èyí wò ní alẹ́ tó ṣáájú

☐ Kókó mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló wà lórí ìwé mi.
☐ Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé àti ìlà tó ti í lẹ́yìn.
☐ Gbogbo ìwé tí mo fẹ́ lò ni kóòtù ti gbà wọlé, tàbí mo mọ ẹni tó máa gbé e wọlé.
☐ Ẹ̀dà ti adájọ́, ti lọ́yà kejì àti ti ẹlẹ́rìí wà nílẹ̀.
☐ Mo ti ka ìwé àkọsílẹ̀ ní èdè tó fi sọ̀rọ̀.
☐ Mo ti wá àlàyé tó mọ́ fún ìtakora kọ̀ọ̀kan.
☐ Kò sí "kí ló dé" níbikíbi.
☐ Mo ti sàmì sí ìbéèrè tí mo máa fi parí.

## Lẹ́yìn tí ẹ bá jókòó

Iṣẹ́ kò tíì tán. Lọ́yà rẹ̀ lè dìde láti bi í ní ìbéèrè àtúnṣe, lórí ohun tó jáde nínú ìbéèrè tiyín nìkan. Ẹ mú bírò. Tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, ẹ dìde kí ẹ tako o. Tó bá tún ohun kan ṣe dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ inú, kí ẹ sì yọ kókó náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.